Ìbẹ̀bẹ̀ Nípa Fóòmáànù Tí A Lé àti Pátákó Iṣẹ́ Tí A Fẹ́ Pa Rẹ́

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò D-Line,
Port Harcourt,
Ìpínlẹ̀ Rivers.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Keje, Ọdún 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìrètí-Ayọ̀,
Mgbuoba,
Port Harcourt,
Ìpínlẹ̀ Rivers.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ Ọ̀GBẸ́NI DAGOGO PADÀ SẸ́NU IṢẸ́, KÍ Ẹ MÁ SÌ PA PÁTÁKÓ IṢẸ́ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ WA RẸ́

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ kékeré tó ń bójú tó kíkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Mgbuoba, láti ọdún 2021 títí di òní. Níbi ìpàdé ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí, ẹ pinnu ohun méjì. Èkíní, ẹ lé Ọ̀gbẹ́ni Dagogo, fóòmáànù wa, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí dẹ́kìn, àjà kọnkéré ilé náà, tó wó. Èkejì, ẹ pàṣẹ pé tó bá di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí, kí a pa pátákó iṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa rẹ́, kí a padà sórí irú èyí tí a ń yá lò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìpinnu náà sílẹ̀, n kò sì sọ nǹkan kan. Inú ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ náà wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn tí n kò tíì mọ̀ nígbà náà.

Nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìgbìmọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní pátákó iṣẹ́. Ojú ìwé kan ni, tí a ń rí lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tí a pín sí òpó mẹ́rin. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé káàdì rẹ̀ láti òpó kan dé òmíràn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà níbi iṣẹ́ àti ẹni tó wà nílé ń rí ohun kan náà.

Ní ọdún 2022, pátákó tí a ń lò jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun. Ọ̀kan nínú wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúmidé, ló fi àdírẹ́ẹ̀sì í-méèlì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣí i fún wa. Nígbà tí ó kó lọ sí Kánádà, wọ́n ti àdírẹ́ẹ̀sì náà pa níbi iṣẹ́ rẹ̀, pátákó wa sì bá a lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè wọlé mọ́. A kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn, ohun kan náà ló sì ń tẹnu mọ́: kí ẹni tó ṣí i wá fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ló há síbẹ̀, tó fi mọ́ àwòrán ibi tí páìpù omi gbà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ ó rántí pé ilẹ̀ yàrá mẹ́ta tí a ti rẹ́ tán ni a fọ́ kí a tó rí páìpù kan ṣoṣo tó ń jò.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ yan àwa mẹ́ta láti wá pátákó mìíràn: èmi, Ọ̀gbẹ́ni Yísà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Aluu, àti Ọ̀gbẹ́ni Dagogo. Àwọn kan bèèrè ohun tí fóòmáànù mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Èsì tí mo fọ̀ ni pé òun ni yóò máa ka pátákó náà nínú oòrùn àti nínú òjò, àwa tó kù yóò máa kà á lórí àga. Ẹ gbà pẹ̀lú mi nígbà náà, mo sì dúpẹ́.

A fẹnu kò lórí ohun tí à ń wá. A fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ṣe é kò fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ pamọ́, tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí ó lè tún ṣe, tí ó sì lè gbé sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láìtọrọ àṣẹ. A fẹ́ kí ó máa gbé inú ọ́fíìsì wa, kí ó má tún jẹ́ pé àlejò ni yóò máa di kọ́kọ́rọ́ ilé wa mú. Mẹ́ta la dán wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọ́fíìsì wa ní D-Line. Èkíní dára lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo ju agbára kọ̀ǹpútà wa lọ, kò sì ṣí rárá lórí fóònù kékeré Ọ̀gbẹ́ni Dagogo. Èkejì fúyẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Yísà lọ wo ìdí rẹ̀, ó rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹni náà kò sì fọwọ́ kàn án láti ọdún mẹ́ta. Ó ní pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kò tó, a gbọ́dọ̀ wò ó bóyá èèyàn ṣì ń gbé inú ilé. Ẹ̀kẹta kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tún un ṣe lóṣooṣù, ó ṣí lórí gbogbo fóònù wa, a lè kó gbogbo ẹrù wa jáde nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù wá, a sì lè yí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ padà sí èdè tí a bá fẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Dagogo kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ṣé yóò fi ẹni tó ní kí òun ṣe nǹkan hàn òun, àti ọjọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti ń kọ́lé ní ìlú yìí, bí nǹkan bá ti bàjẹ́, àwọn ọ̀gá kì í rántí ohun tí wọ́n sọ mọ́. Ẹ̀kẹta yìí ń kọ ìrìn káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbé e, ọjọ́ àti wákàtí, kò sì sí ẹni tó lè pa á rẹ́ láìpa gbogbo pátákó rẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi mú un.

Àwọn òṣìṣẹ́ wa jẹ́ Ikwerre, Ijaw, Hausa, Íbò àti Yorùbá, nítorí náà Píjìn tí gbogbo wa jọ ń sọ ni a kọ sórí àwọn òpó náà. Never Start ni fún iṣẹ́ tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀, We Dey Do Am fún èyí tó ń lọ lọ́wọ́, Make Una Wait fún èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, E Don Finish fún èyí tó ti parí. N kò ní purọ́ pé pátákó náà kò ní àléébù. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀rọ ìnfátà tó ń fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní iná kú, ọjọ́ méjì gbáko ni a fi ń kọ iṣẹ́ sínú ìwé. Láti ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Yísà ti ń mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Aluu ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a sì ti kọ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa bí a ṣe ń gbé e dìde, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnì kan péré ló mọ̀ ọ́n.

Mo dé ibi ọ̀rọ̀ dẹ́kìn wàyí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a da kọnkéré dẹ́kìn náà. A da ti iwájú ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà. Ètò ni pé kí a da ti ẹ̀yìn ní ọjọ́ kẹrin, ṣùgbọ́n òjò kò gbà, ó di ọjọ́ kọkàndínlógún kí a tó rí i dà. Igi tí a fi gbé kọnkéré ró gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí ó tó lè dá dúró. Ẹnjiníà Gbọ́lágadé, tó ń ṣe ẹnjiníà wa lọ́fẹ̀ẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú agbami ni iṣẹ́ epo rẹ̀ wà, kọ káàdì méjì, ọ̀kan fún igi iwájú, ọ̀kan fún igi ẹ̀yìn, ó sì fi méjèèjì sí Make Una Wait; bí òun bá gbé ọ̀kan lọ sí E Don Finish, ìdúró ti pé, a lè yọ igi nìyẹn. Káàdì ti ẹ̀yìn sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ igi kan ṣáájú ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje.

Ọ̀gbẹ́ni Dagogo kò sí níbẹ̀ nígbà tí a da ti ẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ló lọ sin ìyá rẹ̀ ní Abonnema, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda yín, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ló sì padà dé. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òjò ti yí ètò padà. Nígbà tó dé, ó ṣe ohun tí a ti kọ́ ọ láti máa ṣe: ó ṣí pátákó. Káàdì méjèèjì ló bá ní òpó E Don Finish. Ti iwájú, ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù, orúkọ káàdì nìkan ló ń hàn ní òpó yẹn, ọjọ́ tí ẹnjiníà kọ sínú rẹ̀ kì í hàn. Síbẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Dagogo pe ẹnjiníà lẹ́ẹ̀mejì. Nẹ́tíwọ̀kì kò dé ibi tó wà.

Wọ́n yọ igi iwájú ní ọjọ́ Ajé, kò sí ewu. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ẹ̀yìn. Kọnkéré ọjọ́ mẹ́tàlá ni wọ́n ń yọ igi lábẹ́ rẹ̀, wọn kò mọ̀. Igun apá òsì wó lulẹ̀, ó sì bá Bashiru, kápẹ́ńtà wa, lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó kù ń sá jáde, Ọ̀gbẹ́ni Dagogo ń wọlé. Èjìká rẹ̀ ló fi gbé pákó kúrò lórí Bashiru títí wọ́n fi rí i fà jáde. Ẹsẹ̀ òsì Bashiru kán níbi méjì. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé ni, àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ Yorùbá lábẹ́ àtíbàbà tó fara ti ògiri yẹn ì bá wà níbẹ̀, ọmọ mẹ́rìndínlógún.

Níbi ìpàdé yín, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Ọ̀gbẹ́ni Dagogo fi dáhùn gbogbo ìbéèrè: "Na E Don Finish I see." Ọ̀kan nínú yín ṣí pátákó lórí fóònù lójú gbogbo wa. Make Una Wait ni káàdì náà wà, ẹnjiníà sì ṣì wà lójú agbami, kò sí níbi ìpàdé náà. Láti ìgbà yẹn ni ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní ó purọ́. Àwọn mìíràn ní pátákó tí a fọwọ́ ara wa gbé kalẹ̀ ni kò dára, pé ó ń dá gbé káàdì kiri. Mo ti ronú sí i láti ọjọ́ náà. Bí ọkùnrin náà bá purọ́, pátákó kò jẹ̀bi. Bí pátákó bá jẹ̀bi, ọkùnrin náà kò purọ́. Àmọ́ a dá àwọn méjèèjì lẹ́bi nínú ìpàdé kan ṣoṣo, kò sì sí ẹnì kan nínú wa, èmi akọ̀wé pàápàá, tó ní kí a wo àkọsílẹ̀ ìrìn káàdì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, ni Ọ̀gbẹ́ni Yísà wá sí D-Line láti kó ẹ̀dà ìkẹyìn kí a tó pa pátákó rẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ yín. Ó ní kí a tẹ àkọsílẹ̀ náà sórí bébà fún fáìlì. Bí ó ṣe ń jáde nínú ẹ̀rọ ni mò ń tò ó, èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde. Mo kà á dé ọjọ́ kẹrin oṣù Keje: Ẹnjiníà Gbọ́lágadé gbé káàdì igi ẹ̀yìn padà sí Make Una Wait. Mo ti pè é lórí èyí. Ó ní nígbà tí òun rí nẹ́tíwọ̀kì lọ́jọ́ náà, òun gbọ́ pé apá dẹ́kìn tí kò wó ṣì wà lórí igi, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kàn án. Nígbà tí òun bá káàdì ní òpó ìparí, òun rò pé Ọ̀gbẹ́ni Dagogo ló gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn tó yọ igi tán.

Mo ka ìlà tó ṣáájú rẹ̀ lórí káàdì náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, Rẹ̀mílẹ́kún Akínfẹ́nwá gbé káàdì igi ẹ̀yìn láti Make Una Wait lọ sí E Don Finish.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, èmi nìyẹn. Ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé yín ti ìparí oṣù Kẹfà ni. Mò ń tún pátákó náà ṣe kí ojú rẹ̀ lè fani mọ́ra bí ẹ bá ṣí i. Káàdì mọ́kànlá ni mo gbé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo rí "dẹ́kìn ẹ̀yìn" nínú orúkọ ọ̀kan, mo sì rántí pé a ti da kọnkéré rẹ̀, mo gbà pé ó ti parí nìyẹn. N kò ṣí káàdì náà kà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí òpó ìparí kún lójú yín.

Ọ̀gbẹ́ni Yísà ka ìlà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò wò mí lójú. Ó kàn bi mí pé, "Màmá, ṣé kí n jáde díẹ̀?" Mo ní kí ó jókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó kù, nítorí n kò ní ìsinmi láti ọjọ́ náà: ó wá sí mi lọ́kàn pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré ló kù, àṣẹ yín ni yóò sì pa ìlà yẹn rẹ́, kì í ṣe tèmi, kò sì sí ẹni tí yóò tún ṣí ẹ̀dà ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Yísà wò. N kò ní láti ṣe ohunkóhun ju kí n dákẹ́ bí mo ti dákẹ́ níbi ìpàdé. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan wà pẹ̀lú ìwé yìí.

Mo ti ka ìlànà irú pátákó tí ẹ fẹ́ kí a padà yá lò. Nínú irú èyí tí wọn yóò fún wa, àkọsílẹ̀ ìrìn káàdì kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó pa rẹ́. Ká ní ibẹ̀ ni a wà ni, ìlà tó ní orúkọ mi nínú ì bá ti lọ kí ìpàdé yín tó jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Dagogo ì bá sì jẹ́ òpùrọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. N kò sọ pé pátákó tiwa ń dáàbò boni lọ́wọ́ àṣìṣe. Ẹ ti rí i pé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rí ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, ọ̀sán kan ṣoṣo ni Ọ̀gbẹ́ni Yísà fi tún un ṣe. Ní báyìí, ẹnjiníà nìkan ló lè mú káàdì kúrò ní Make Una Wait, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀, ọjọ́ inú káàdì sì ń hàn ní gbogbo òpó. A kò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni lókè òkun kí èyí tó ṣeé ṣe.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ sí ilé Ọ̀gbẹ́ni Dagogo kí n tó kọ ìwé yìí, nítorí kò yẹ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Glory, ìyàwó rẹ̀, fún mi ní àga. Mo fi bébà náà hàn wọ́n, mo sì sọ ohun tí mo ṣe. Glory dìde, ó bọ́ sẹ́yìn ilé, kò sì padà wọlé títí mo fi lọ; n kò lè bá a wí. Ọkọ rẹ̀ mú bébà náà, ó kà á. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá a ti fi tapólì bo apá tó kù, kí òjò má baà ba irin rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, Píjìn ló sì fi sọ ọ́, èmi ni mo ń fi Yorùbá kọ ọ́ fún yín: "Màdámù, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi kọ́ ló dùn mí jù. Mo ti lọ bẹ Bashiru. Mo sọ fún un pé bóyá ojú mi ló tàn mí jẹ."

Mo bẹ̀ yín, ẹ pe ìpàdé kí oṣù yìí tó parí, kí ẹ ka àkọsílẹ̀ yìí fúnra yín, kí Ọ̀gbẹ́ni Yísà sì ṣí i lójú yín lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ má gba bébà mi nìkan gbọ́. Ẹ dá àṣẹ pípa pátákó náà rẹ́ dúró. Ẹ má jẹ́ kí ìtọ́jú Bashiru dáwọ́ dúró títí yóò fi rìn láìlo ọ̀pá. Ó ti jáde ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò tíì lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní tèmi, mo fi ipò akọ̀wé sílẹ̀ fún yín láti ṣe ohun tó bá tọ́ lójú yín, n kò sì ní bẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn.

Ohun tó kù ni mo fi ń parí ẹ̀bẹ̀ mi. Bí ẹ bá dá Ọ̀gbẹ́ni Dagogo padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Ẹ wá sí Mgbuoba, kí gbogbo òṣìṣẹ́ pé jọ, Bashiru náà lórí àga, kí ẹ sì sọ fún un ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́ pé ohun tó rí ló rí.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọkàn kan,

Rẹ̀mílẹ́kún Akínfẹ́nwá (Ìyáàfin)
Akọ̀wé, Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé, Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìrètí-Ayọ̀